Ìrìn-Àjò sí Òṣùpá nínú Ìtàn Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì Àtijọ́

Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni ìtàn tí òǹkọ̀wé fi ojú inú hun, tí ó sì gbé ka orí ohun tí àwọn onímọ̀ ti wádìí nípa ayé àti ojú ọ̀run. Ní ọ̀rúndún kejì Sànmánì Kristẹni ni Lucian ará Samosata ti fi èdè Gíríìkì kọ̀wé nípa ọkọ̀ ojú omi tí ìjì gbé dé òṣùpá, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ lásán ni ó fi ṣe.

Johannes Kepler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi ìmọ̀ gidi ṣe òpó irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nínú Somnium, tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 1609, ìyá kan tó ń ta ewé fún àwọn atukọ̀ ní Iceland pe iwin kan, iwin náà sì ṣàlàyé pé inú òjìji ayé ni a ń gbà dé òṣùpá, ìrìn wákàtí 4. Wọ́n ní láti fún arìnrìn-àjò ní oògùn oorun, kí wọ́n to ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí agbára àkọ́gbéra, tó le bí ìgbà tí ẹ̀tù bú gbàmù, má baà fà á ya; kànrìnkàn tútù ni yóò sì fi sí imú, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ṣeé mí. Àwọn ará òṣùpá ń wo ayé bó ti ń yí lókè wọn, wọ́n sì gbà pé ilẹ̀ tiwọn dúró sójú kan. Ohun tí Kepler ń fi èyí jà fún gan-an ni pé ayé náà ń yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa tí a wà lórí rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára.

Ìwé àfọwọ́kọ náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, Kepler sì gbà pé ó wà lára ohun tó mú kí àwọn ènìyàn fẹ̀sùn àjẹ́ kan Katharina, ìyá rẹ̀, tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n láti 1620 di 1621 kí Kepler tó gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi àlàyé 223 kún ìwé náà. Ọmọ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 1634, nígbà tí Kepler ti kú.

Francis Godwin, bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lo àwọn ẹyẹ ńlá láti gbé ènìyàn dé òṣùpá nínú ìwé tirẹ̀ tó jáde ní 1638. Jules Verne, ọmọ Faransé, yin àwọn ènìyàn 3 láti inú ìbọn àgbá ní Florida nínú ìwé rẹ̀ ti 1865, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì lo ohun kan tó ń dí òòfà ilẹ̀, ìyẹn agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, ní 1901. Verne bínú sí èyí, ó ní òun lo ohun tó wà, Wells hùmọ̀ ohun tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi tí Verne fi sábẹ́ àwọn èrò rẹ̀ kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ agbára ìbọn náà.