Ewéko Tí Ó Gba Ipò Ojú Oró

Bí àwọn àgbà wa bá ń súre fún ọmọ, wọ́n a máa fi ojú oró àti òṣíbàtà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé orí omi ni ewéko méjèèjì ń gbé, wọn kì í rì. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà létí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ti rí ewéko kẹta tí ó mọ bí a ti ń lékè omi jù wọ́n lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi súre. Òun ni àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau.

Agbègbè odò Amazon ni orírun rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ni ó wu àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ń gbé e kiri ayé, tí wọ́n ń gbìn ín sínú omi ọgbà wọn. Ní 1977 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bo odò Sô, ìsàlẹ̀ odò Ouémé àti ọ̀sà Nokoué. Ní 1984, a rí i ní Àgbádárìgì. Omi tí ń ti ọ̀dọ̀ wa ṣàn lọ ni a gbà pé ó gbé e débẹ̀. Omi kò mọ ààlà tí òyìnbó fà.

Ọkọ̀ há sáàárín ewé, àwọ̀n kò ṣeé dẹ mọ́. Ẹja pípa ni àwọn ọkùnrin ti pàdánù jù. Ní ti àwọn obìnrin, òwò ẹja àti oúnjẹ ni. Ìwádìí tí a ṣe ní abúlé 24 ní 1999 fi hàn pé, nígbà tí ewéko náà gbilẹ̀ jù, nǹkan bí ènìyàn 200,000 ń pàdánù tó mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún.

A fi ọwọ́ fà á tu títí, ó tún hù, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ a máa pẹ́ nínú ẹrọ̀fọ̀. Láàárín 1991 sí 1993 ni àwọn onímọ̀ IITA tú ọ̀tá rẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, tí ìran wọn ti ilẹ̀ rẹ̀ wá: kòkòrò kéékèèké méjì àti labalábá òru kan. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Iṣẹ́ náà kò ná ju nǹkan bí mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ṣírò rẹ̀ pé ó dá mílíọ̀nù 30 padà sápò àwọn ará abúlé lọ́dọọdún.

Síbẹ̀, kòkòrò dín in kù ni, kò run ún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ tí ń gba ẹnu ọ̀nà tí a gbẹ́ ní Kútọnu ní 1885 wọlé a máa pa á. Bí Ouémé bá sì kún, a tún gbé òmíràn sọ̀ kalẹ̀. Ìdọ̀tí ọjà àti omi ẹ̀gbin tí a ń dà sínú ọ̀sà ni ajílẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò ti ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ àwa tí a ń bọ́ ewéko náà ni ìyókù wà.