Kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn: Ohun tó yẹ ní ṣíṣe, àtèyí tí kò yẹ, nígbà pàjáwìrì

Omi gbígbóná dà sí ọmọ lára nílé ìdáná. Kó tó pẹ́, èrò ti pé lé e lórí. Ẹnìkan gbé epo pupa dé, ẹnìkejì ní ẹyin adìẹ ló dáa jù, ẹnìkẹta ti sáré wọlé lọ mú ọṣẹ ìfọyín. Gbogbo wọn ló fẹ́ ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ohun tó sì lè ràn án lọ́wọ́ jù, ìyẹn omi tútù lásán, wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò ní kí èèyàn jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ méjì, omi tó mọ́, aṣọ tó mọ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kéèyàn mọ ohun tí kò yẹ kó ṣe pẹ̀lú, torí pé àwọn nǹkan kan tí a bá lọ́wọ́ àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú máa ń dá kún ìyà aláìsàn ni.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó èèyàn

Ẹ gbé ẹni náà kúrò níbi iná, kí ẹ sì máa da omi tútù sí ojú ibi tó jó o fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ fi kọ́ọ̀pù máa bu omi láti inú korobá, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ìdí ni pé lẹ́yìn tí iná ti kúrò, ooru rẹ̀ ṣì ń wọ inú ara lọ. Omi ló ń fà á jáde. Bí ẹ kò bá tètè rí omi, ó ṣì wúlò láàárín wákàtí 3.

Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aṣọ tó wà níbẹ̀ kí ara tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bo ojú egbò náà, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Epo pupa, ẹyin, ògì àti ọṣẹ ìfọyín máa ń sé ooru mọ́ inú ara, wọ́n sì lè kó kòkòrò àrùn wọ ojú egbò. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣì máa fọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lè rí egbò náà, ìrora ọmọ ló sì máa lé kún un. Yìnyín náà kò dáa o, ó lè ba awọ ara jẹ́ sí i. Bí ibẹ̀ bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ.

Bí gìrì bá mú ọmọ

Ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 5 ni gìrì sábà máa ń mú nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba òbí, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń dúró fúnra rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú 5. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ àti èébì lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ tú aṣọ tó há mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì wo aago.

Ẹ má ti ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fún omi àlùbọ́sà sí i lójú, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Èyí tó burú jù ni àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, kí ọmọ dákú pátápátá. Bí ọmọ bá wá kú, gìrì ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, wọn kì í rántí àgbo.

Bí gìrì náà bá tiẹ̀ ti dúró, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí ó lè jẹ́ pé ibà tàbí kòkòrò àrùn mìíràn ti wọ ọpọlọ. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ má dúró rárá.

Bákan náà ni fún ẹni tí wárápá gbé. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ kì í ran ẹlòmíràn. Ẹ sún mọ́ ọn.

Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì

Èyí wọ́pọ̀ níbi tí wọ́n bá ti rọ kẹrosíìnì sínú ìgò mínírà. Ẹ má fipá mú ọmọ náà bì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì kó lè bì. Bó bá ń bì, kẹrosíìnì lè gba ọ̀nà òfurufú wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pani. Ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, ẹ fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn. Kódà bí ọmọ bá ń ṣeré, ẹ gbé e lọ. Ó lè tó wákàtí mélòó kan kí ikọ́ àti èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú.

Bí oúnjẹ bá há èèyàn lọ́fun

Bó bá ṣì lè wúkọ́, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́ lọ. Bí kò bá lè wúkọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò sì lè mí, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sí òkè ìdodo rẹ̀, kí ẹ fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe méjèèjì ní àṣetúnṣe. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín, ẹ gbá a lẹ́yìn. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀, kì í ṣe ikùn. Òkèlè ẹ̀bà tàbí omi kọ́ ló máa tì í lọ.

Bí àgbàlagbà bá dákú tí kò mí mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ó kéré tán ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ fi máa dé.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà

Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ dáadáa, ẹ má ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gba inú aṣọ náà jáde, ẹ fi òmíràn lé e, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí irin tàbí ìgò bá gún èèyàn tó sì wà nínú ara rẹ̀, ẹ má fà á yọ.

Òfin wà lẹ́yìn aláìsàn

Òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Òfin ọdún 2017 sì sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ì báà ní ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ì báà má ní.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 767 náà wà. Bó bá jẹ́ ìjàm̀bá ọkọ̀, 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC. Ẹ kọ wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn lónìí, pẹ̀lú orúkọ ilé ìwòsàn tó ń ṣí lóru ládùúgbò yín àti nọ́ńbà ẹni tó ní ọkọ̀.