Koríko Iwájú Ilé: Ká Gbin Hóró Ni, àbí Ká Tẹ́ Èyí Tó Ti Hù?

Púpọ̀ nínú àwa tá a ń gbé ní Kánò ń fẹ́ koríko tútù síwájú ilé tàbí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ohun tó ń gbówó wa lọ ni pé òjò ilé la fi ń ka oṣù. Òjò Ìbàdàn ti ń rọ̀ láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ti Kánò kì í fìdí múlẹ̀ títí di oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án ló sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òjò ibi tá a wà ni ká tẹ̀ lé.

Ẹ hú èpò, ẹ ro ilẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ po ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ kí omi má baà dá ró.

Hóró kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù. Hóró Bahama kéré gan-an, iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó hù. Àgbàrá lè gbá a lọ, ọ̀dá sì lè pa á.

Èyí tó ti hù wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ojú ẹsẹ̀ ló ń bo ilẹ̀. Ọjọ́ tó bá dé ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí etí wọn kanra, ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bomi rin wọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ ẹ bá fà á tí kò tú, ó ti ta gbòǹgbò nìyẹn.

Bahama kò fẹ́ ibòji. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ dógóyárò. Bó bá sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má kánjú hú u: gbòǹgbò rẹ̀ sábà máa ń rú padà bójò bá dé.