Ọdún 1897 Láàárín Bídà àti Bìní

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn, ọdún ìṣubú Bìní ni 1897. Ṣùgbọ́n fún Ọ̀wọ̀, Àkókó àti àwọn ìlú àyíká wọn, agbára àríwá àti ti gúúsù ni ó wó láàárín oṣù méjì.

Láti àríwá, àwọn ọmọ ogun Tápà ti Bídà ti ń kó àwọn ará Àkókó lẹ́rú. Láti gúúsù, ọlá Bìní hàn nínú oyè àti aṣọ ààfin Ọ̀wọ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé Bìní ni Ọṣógboyè gbé kí ó tó jẹ Ọlọ́wọ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní, George Goldie kó ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kàbà lọ, ó sì ṣẹ́gun Bídà. Ọjọ́ 16 oṣù Kejì ni wọ́n wọ Ìlọrin. Ọjọ́ 18 oṣù kan náà ni Harry Rawson gba Bìní, láti gbẹ̀san ikú James Phillips. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, wọ́n sì kó ohun ọ̀ṣọ́ ààfin rẹ̀ lọ sí Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ti rí ọwọ́ àwọn agbẹ́rè Ọ̀wọ̀ lára díẹ̀ nínú àwọn eyín erin náà.

Nítorí náà, ìtàn 1897 kì í ṣe ti Bìní nìkan. Ìkónilẹ́rú Bídà dópin, ṣùgbọ́n àwọn ìlú àárín náà kò gba ara wọn: Gẹ̀ẹ́sì ni ó jókòó sí ipò tó ṣófo.