Ìwé Tó Yẹ Kó Máa Lọ Kó sì Máa Bọ̀ Láàrin Dókítà Ẹbí àti Ètò Ìmúpadàbọ̀sípò Ọkàn

Ètò ìmúpadàbọ̀sípò ọkàn ni ìtọ́jú tí a ń ṣe fún ẹni tí àrùn ọkàn kọlù, tàbí tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, lẹ́yìn tí ewu àkọ́kọ́ ti kọjá. Eré ìmárale lábẹ́ àbójútó, ìlò oògùn, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ, jíjáwọ́ nínú sìgá àti ìgbaniníyànjú ni ó kó jọ. Oṣù díẹ̀ ni ètò náà ń gbà, ṣùgbọ́n dókítà ẹbí ni yóò máa bá ìtọ́jú lọ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ já láàrin wọn.

Ewu tó wà nínú àìkọ̀wé

Bí dókítà kan kò bá mọ ohun tí èkejì ṣe, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀. Oògùn kan náà lè ní orúkọ méjì lára páálí, kí aláìsàn sì máa lo méjèèjì pọ̀. A lè kọ ibuprofen tàbí diclofenac fún orúnkún tó ń dun ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Oògùn wọ̀nyí a máa mú kí omi dúró sí ara, àìsàn náà a sì tún gbérí.

Ohun tí dókítà ẹbí yóò kọ ránṣẹ́

• Orúkọ àrùn náà, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ tí a ṣe.
• Gbogbo oògùn àti ìwọ̀n tí aláìsàn ń lò.
• Ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò.
• Àìsàn mìíràn, bí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée.

Ohun tí ètò náà yóò kọ padà

• Bí aláìsàn ṣe lè rìn tó, àti eré ìmárale tí kò léwu fún un.
• Oògùn tí a yí padà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.
• Ohun tó kù fún dókítà ẹbí láti mójú tó.

Bí aláìsàn kò bá wá mọ́, kí wọ́n kọ ìyẹn náà. Dókítà ẹbí ni ó sábà máa ń mọ̀ bóyá owó ọkọ̀ tàbí ìbẹ̀rù ló fà á.

Níbi tí kò bá sí irú ètò yìí nítòsí, dókítà onímọ̀ ọkàn, onímọ̀ físíò àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé lè pín iṣẹ́ náà ṣe, bí ìwé bá ń lọ láàrin wọn.

Ojúṣe aláìsàn àti ẹbí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn yín, títí kan àgbo, sínú àpò kan lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe dá oògùn ọkàn dúró fúnra yín. Bí àyà bá ń dunni tàbí èémí kò já geere, ẹ má dúró de ìwé kankan: ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìwé ni ó ń kó ọwọ́ àwọn olùtọ́jú jọ.