Oyè Ẹ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé

Ó yẹ kí àwa tí a ń gba owó oṣù bi ara wa léèrè pé, kí ni ó mú kí ọkùnrin kan fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu fún ìlú ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, nígbà tí kò sí owó oṣù rárá? Ìkógun wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò gbà pé ìkógun nìkan ni. Ọlá ni.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, wí fún wa pé 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje ní mẹ́wàá lábẹ́ rẹ̀. Oyè náà kì í ṣe ti ìdílé; akọni tí a ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ogun ni a fi í dá lọ́lá. Bí ọlá rẹ̀ ti ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú rẹ̀ ti wúwo tó: iwájú ni ọgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú a sì máa yangàn pé ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ni àwọn, ìwà ẹ̀tẹ́ kò yẹ àwọn.

Àrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ni olórí wọn. Fìlà ìkóódẹ, ìbàǹtẹ́ awọ ẹkùn àti ọ̀pá ogun ni àmì oyè rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ lọ sí ogun tí ọba bá rán an. Láàrin oṣù mẹ́ta kí ó ṣẹ́gun, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wálé.

Agbára ọlá yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Aláàfin Awólẹ̀, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, fi rò pé òun lè fi í pa ènìyàn. Nígbà tí Kakaǹfò Oyabi ará Àjàṣẹ́ kú, Àfọ̀njá ti Ìlọrin béèrè oyè náà. A kọ̀ fún un, nítorí ọmọ ọba ni ìyá rẹ̀, oyè náà sì rẹlẹ̀ sí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi agbára gbà á. Nígbà náà ni ọba rán an sí Ìwéré, ìlú olódi tí ohun ìjà ìgbà náà kò lè fọ́, kí òfin oyè rẹ̀ lè pa á. Lójú tiwa, ìṣirò ọba kùnà níhìn-ín: Àfọ̀njá kò gba ọlá náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi kú nítorí rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun yí padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba, Awólẹ̀ sì kú.

Ní nǹkan bí ọdún 1817 Àfọ̀njá kọ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ní nǹkan bí 1824 àwọn jàmáà tí òun tìkára rẹ̀ kó jọ pa á ní Ìlọrin. Oyè Kakaǹfò kò bá a kú. Toyeje ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó jẹ ẹ́ tẹ̀ lé e.