Ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ Àtinúwá

Ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ àtinúwá ni kí ènìyàn fi díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwòsàn ẹlòmíràn láìgba owó, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú un. Títí di òní, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè ṣe ohun tí yóò rọ́pò ẹ̀jẹ̀ pátápátá. Ara ènìyàn nìkan ni a ti ń rí i.

Ìtàn

Ní ọdún 1901, Karl Landsteiner, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Austríà, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pín sí oríṣiríṣi. Ìwádìí yìí ni ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn fi ń gba aláìsàn kan là, tí ó sì ń pa òmíràn. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1930. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà, ni a fi ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ Lágbàáyé láti ọdún 2004.

Àwọn tí ó nílò ẹ̀jẹ̀

Lára wọn ni àwọn tí ó fara pa nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, àwọn tí a ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àwọn ọmọdé tí ibà ti mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn dínkù, àti àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà náà ni àwọn ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó lè ti pẹ́ jù.

Ìdí tí ti àtinúwá fi dára jù

Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí aláìsàn àti àwọn tí ń ta ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù. A máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún kòkòrò HIV, àrùn mẹ́dọ̀wú B àti C, àti sífílíìsì. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò lè má tíì rí àrùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara. Nítorí náà, òtítọ́ tí olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ bá sọ nípa ìlera rẹ̀ jẹ́ apá kan nínú ààbò aláìsàn. Ẹni tí ń wá owó, tàbí tí ẹbí ń dúró dè, lè fi nǹkan pamọ́; ẹni tí ó wá fúnra rẹ̀ kò ní ìdí láti purọ́.

Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í pẹ́ nípamọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í kọjá nǹkan bí ọjọ́ 35 sí 42 nínú fìríìjì. Èyí tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì kì í ju ọjọ́ 5 sí 7 lọ. Àwọn tí ń padà wá déédéé ni kì í jẹ́ kí bánkì ẹ̀jẹ̀ ṣófo.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ní Nàìjíríà, ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó ti pé ọmọ ọdún 18, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì dín ní kílógíráàmù 50, lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Nǹkan bí mìlílítà 450 ni a máa ń gbà, abẹ́rẹ́ tuntun ni a sì ń lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Omi inú ẹ̀jẹ̀ náà máa ń padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, sẹ́ẹ̀lì pupa láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọkùnrin lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Nítorí pé a lè pín ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sí ọ̀nà mẹ́ta, ó lè ran aláìsàn tí ó ju ọ̀kan lọ lọ́wọ́.